Prelude, Integra tàbí Celica: Kúpéè Àlòkù Wo Ni Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá ń wá kúpéè tó yára, tó jẹ́ pé táyà iwájú ló ń fà á, ọjà àlòkù ni yóò forí lé, torí ilé iṣẹ́ tó ṣì ń ṣe irú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Láti nǹkan bí 1990 títí dé 2005, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní: ilẹ̀kùn méjì, ẹ́ńjìnnì kékeré tó mọ ariwo pa, ìjókòó ẹ̀yìn tó jẹ́ pé báàgì ló yẹ ẹ́ ju èèyàn lọ. Mẹ́ta nínú wọn ni mo fẹ́ gbé ka iwájú yín: Honda Prelude ìran karùn-ún (1997 sí 2001), Acura Integra ìran kẹta (1994 sí 2001, Honda Integra ni wọ́n ń pè é ní Japan), àti Toyota Celica ìran keje (2000 sí 2005). Ọdún àti òǹkà tí mo máa lò, ti èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ni. Ti ibòmíràn máa ń yàtọ̀ díẹ̀.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn wọn, èyí tó yára jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún, àrùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò ní tirẹ̀, kò sì sí àṣírí kankan níbẹ̀ mọ́; mẹ́káníìkì tó bá ti ṣí wọn rí yóò ka àrùn wọn fún yín lórí ìdúró. Èyí tí agbára yín bá ká àrùn rẹ̀ ni kí ẹ rà.

Ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹ́ńjìnnì Prelude ló tóbi jù: sìlíńdà mẹ́rin, lítà 2.2, H22A4 lorúkọ rẹ̀. Agbára ẹṣin 195 ló ní ní 1997 àti 1998, ó wá di 200 láti 1999. Èyí tí jíà rẹ̀ jẹ́ ọ̀tómátíìkì fi márùn-ún dín sí i. Lítà 1.8 ni gbogbo Integra, àmọ́ ipele mẹ́ta ló wà: LS àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 140, GS-R ní 170, Type R ní 195. Celica náà lítà 1.8 ni: GT ní 140, GT-S ní 180.

Òǹkà yìí nìkan lè ṣi èèyàn lọ́nà. GS-R kì í kó 170 rẹ̀ sílẹ̀ àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 7,600 ní ìṣẹ́jú kan. Bákan náà ni 180 ti GT-S rí. Ti Type R tilẹ̀ tún lọ sókè sí 8,000. Ní ti agbára ìfà, èyí tí ara ń rí nígbà tí ẹ kò tíì fi ariwo kún un, Prelude ní nǹkan bí 210 Newton-mita, nígbà tí GS-R àti GT-S wà ní àyíká 175. Lórí òkè gígùn tí ẹ fẹ́ kọjá ọkọ̀ ẹrù, Prelude lè gùn ún ní jíà tó wà. Àwọn méjì yòókù á ní kí ẹ kọ́kọ́ dá jíà padà. Ṣùgbọ́n Prelude wúwo. Ó tó kílò 1,340, Integra GS-R wà ní nǹkan bí 1,200, Celica GT-S kò sì ju nǹkan bí 1,130 lọ. Nítorí náà, apá kan nínú agbára tí Prelude fi jù wọ́n lọ, ara rẹ̀ ló fi ń gbé.

Prelude, GS-R, Type R àti GT-S ló ní ọgbọ́n kan tó jọra, tí Honda ń pè ní VTEC, tí Toyota pè ní VVTL-i. Bí ìyípo ẹ́ńjìnnì bá ti dé ibì kan, ọ́ìlì á ti àwọn pínnì kéékèèké wọlé, fálífù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Etí yín á gbọ́ ọ kí ara yín tó mọ̀ ọ́n. Nínú GS-R, ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 4,400. Nínú Prelude, ó kọjá 5,000 díẹ̀. Nínú GT-S, ó di nǹkan bí 6,000 kó tó dé. Ẹ fojú inú wo ohun tí ti GT-S yìí túmọ̀ sí láàárín ìlú. Ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọjá 4,000 máa wa GT-S fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìrí ohun tó tìtorí ẹ̀ san owó. Tí ẹ bá sì tún jíà yí kánmọ́, agbára náà á já bọ́, ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún látìsàlẹ̀. Irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀, GT lásán ló yẹ ẹ́, kì í ṣe ìtìjú rárá.

Celica: bólùtù méjì àti jíà tó ṣìnà

Àrùn GT-S tó gbajúmọ̀ jù kéré lójú. Bólùtù méjì ló di àwọn ọ̀pá tó gbé apá fálífù mú, ọ́ìlì tó ń ṣiṣẹ́ VVTL-i sì gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Nínú àwọn ọkọ̀ ọdún àkọ́kọ́ wọn máa ń jẹ, nígbà míì wọ́n á kán, láti ọjọ́ náà lọ, 6,000 á dé, kò sì ní sí ohun tó yí padà. Ọkọ̀ á ṣì máa lọ, á máa tutù, kò ní kọṣẹ́, ẹni tó ń tà á gan-an lè má mọ̀. Toyota ti ṣe bólùtù tó dára jù ú lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì kọjá ṣíṣí ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá rí GT-S tó dáa nínú gbogbo nǹkan àyàfi èyí, ẹ fi dín owó rẹ̀ kù, kí ẹ rà á. Ohun kan rèé o: ẹ́ńjìnnì náà kì í fi VVTL-i ṣiṣẹ́ nígbà tó bá ṣì tutù. Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni jíà. Jíà àfọwọ́yí GT-S ní ipele mẹ́fà, àlàfo wọn sì fún. Awakọ̀ tó ń kánjú láti ipele kẹta sí ìkẹrin lè fà á sí ìkejì láìmọ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè dá ẹ́ńjìnnì dúró kó má yí jù tí ẹsẹ̀ bá wà lórí iná, àmọ́ kò lágbára kankan lórí jíà tó ṣìnà, torí táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà náà. Pọ́ńpù ọ́ìlì lè fọ́ lójú ẹsẹ̀, fálífù lè tẹ̀. Kò sí olùtajà tó máa sọ fún yín pé òun ti ṣe é rí, nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ọ̀kan bá yàtọ̀ gédégédé sí àwọn yòókù, ẹ bá tiyín lọ.

GT ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE inú rẹ̀ máa ń jẹ ọ́ìlì nínú àwọn tó jáde títí dé nǹkan bí 2002, torí ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì kéré, rìǹgì á dọ̀tí, á sì lẹ̀. Toyota tún un ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹni tó ń ra GT wá ti 2003 sókè. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì ló ń lo ṣéènì, ẹ ò ní ra bẹ́líìtì táímìnnì, ìyẹn sì jẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ tí Honda méjèèjì kò ní.

Prelude: ọ́ìlì, bẹ́líìtì, àti ẹ̀rọ tí kò ṣe dandan

Prelude ń mu ọ́ìlì. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí ẹ gbà á bí ìwà ọkọ̀ náà. Ògiri sìlíńdà rẹ̀ kì í ṣe irin bíi ti àtijọ́. Alumíníọ̀mù tí wọ́n po fọ́nrán mọ́ ni. Ó fúyẹ́, ó sì lágbára, àmọ́ tó bá ti jẹ, mẹ́káníìkì tó ń gbẹ́ sìlíńdà káàkiri kò lè gbẹ́ ẹ bó ṣe ń gbẹ́ tòmíràn, písítìnì ọjà lásán kò sì bá a mu. Ẹ́ńjìnnì GT-S náà jọ ọ́ níbi yìí. Integra nìkan ló ṣì ní àpò irin nínú sìlíńdà tó ṣe é gbẹ́, tó ṣe é tún kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé. Ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Tí kò bá sí ọ́ìlì lórí rẹ̀, ìbéèrè ti tán nìyẹn: ẹni tó mọ̀ pé ọkọ̀ òun ń mu ọ́ìlì tí kò bu sí i kò ní tọ́jú nǹkan míì. Tí ẹ bá wá wà lójú ọ̀nà, ẹ wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná pátápátá, kí ẹ jẹ́ kí jíà máa dá ọkọ̀ dúró títí dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ iná kí ẹ sì wo dígí ẹ̀yìn. Èéfín tí àwọ̀ rẹ̀ jọ búlúù ni ọ́ìlì tó ń jó. Èéfín funfun fẹ́ẹ́rẹ́ láàárọ̀ tútù kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Bẹ́líìtì táímìnnì tirẹ̀, ọdún méje tàbí nǹkan bí kìlómítà 169,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni Honda fún un. Ọkọ̀ tó jáde ní 1999 yẹ kó ti pààrọ̀ rẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta nísinsìnyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kàn wà nínú gáráàjì. Ẹ má gba “mo ti pààrọ̀ ẹ̀” lẹ́nu lásán. Rìsíìtì tó ní ọjọ́ àti kìlómítà lára ni kí ẹ béèrè. Tó bá já, písítìnì á gbá fálífù, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: ohun tó ń fa bẹ́líìtì náà le, ọ́ìlì ló ń ti í, ó sì máa ń jò bó bá dàgbà. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì Honda máa ń fi irú tí wọ́n ń fọwọ́ dè láti ara ẹ́ńjìnnì Honda àtijọ́ rọ́pò rẹ̀. Tí ẹ bá rí i lórí rìsíìtì pé wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ni ọkọ̀ náà ti kọjá.

Lórí Type SH, ẹ̀yà Prelude kan, èmi kò sí lára àwọn tó ń yìn ín. Ó ní ẹ̀rọ ATTS, tó máa ń pín agbára fún táyà iwájú tó wà ní ìta kọ́nà ju ti inú lọ, kí imú ọkọ̀ lè yí wọlé. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ó sì dùn. Àmọ́ ó dá kún ìwúwo iwájú, ó ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, bó bá sì bàjẹ́, ohun èlò rẹ̀ ti di àwátì. Ẹ wo dáṣíbọọ̀dù nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́: iná ATTS gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú. Tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù kúrò kí ẹ má baà rí i. Prelude lásán, tó ní jíà àfọwọ́yí, ni kí ẹ wá.

Jíà ọ̀tómátíìkì Prelude, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra fún un. Kò sí iye tí wọ́n dín in kù tó máa sọ ọ́ di rírà.

Integra: ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ìṣòro, èèyàn ni

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ́ńjìnnì Integra ló le jù. LS tilẹ̀ lè pẹ́ ju ẹni tó ni ín lọ bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti bẹ́líìtì rẹ̀ lásìkò. Ohun tó pa ọ̀pọ̀ Integra ni pé àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀ jù. Wọ́n gé sípíríǹgì rẹ̀ kó lè sùn mọ́lẹ̀, wọ́n fi sáàlẹ́ńsà aláriwo sí i, wọ́n já wáyà rédíò, wọ́n tún gbé kọ̀ǹpútà míì sí i. Àwọn olè náà fẹ́ràn rẹ̀, torí ohun èlò rẹ̀ máa ń wọ Civic ìgbà náà. Èyí tó kù tí ọwọ́ kò tíì kàn ti wọ́n. Tí olùtajà bá ti yí nǹkan padà, ẹ béèrè ibi tí àtijọ́ wà. Ẹni tó tọ́jú sípíríǹgì àti sáàlẹ́ńsà ilé iṣẹ́ sínú páálí ṣe é bá dòwò pọ̀. Ẹni tó ní òun ti jù wọ́n nù ń ta wàhálà fún yín.

Type R ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, torí ayédèrú rẹ̀ pọ̀. Ọdún 1997, 1998, 2000 àti 2001 nìkan ni Acura tà á ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ní ti 1999 ni òun ń tà ti tú ara rẹ̀ fó. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ ojúlówó ní DC231 nínú. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ló di táyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú, mẹ́rin ni ti àwọn Integra yòókù, kò sì ní fèrèsé òrùlé. Gbogbo èyí ni wọ́n lè ṣe ayédèrú rẹ̀ tán, àfi nọ́ńbà yẹn, nítorí náà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní òótọ́, Type R ti di ohun àkójọ. Owó rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń wá ọkọ̀ tí yóò máa wà lójoojúmọ́. GS-R ló yẹ kí a máa fi wé àwọn méjì yòókù.

Àléébù ti ara Integra gan-an kò pọ̀. Ìpẹta ló ṣáájú, ní etí ibi tí táyà ẹ̀yìn wà. Ẹ fi ìka yín lọ etí náà láti abẹ́. Tí ẹ bá bá ìwúlé tàbí ibi tó rọ̀ lábẹ́ ọ̀dà, ìpẹta náà ti jẹ láti inú wá, ohun tí ẹ ń fọwọ́ kàn ni apá ìkẹyìn. Ó ń ṣe Prelude náà. Èkejì ni rìlée kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù tó ń fún pọ́ńpù epo níná. Nínú Honda àwọn ọdún yẹn, ojú ìlẹ̀pọ̀ inú rẹ̀ máa ń là, tí inú ọkọ̀ bá sì gbóná lọ́sàn-án, ẹ́ńjìnnì á máa yí ṣùgbọ́n kò ní jí, títí ara á fi tù ú. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ipò kejì láìjí ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ dákẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ kí pọ́ńpù hùn láti ẹ̀yìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kí rìlée sì ta “kọ́ọ́”. Tí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ìyẹn kò burú: rìlée kò wọ́n, a sì lè tún un jó. Kí wọ́n ṣáà má fi díjú yín pé ẹ́ńjìnnì ló kú.

Nígbà tí ẹ bá wà á

Prelude àti Integra ní apá méjì-méjì lókè àti nísàlẹ̀ fún táyà kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́yìn. Celica ní i lẹ́yìn nìkan, ti iwájú jẹ́ irú tó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ ilé. Ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lójú títì tó tẹ́jú. Ní kọ́nà tí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun, táyà Honda méjèèjì kì í gbàgbé ilẹ̀.

Integra ló máa ń sọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún ọwọ́ yín. Ó tún máa ń sọ ọ́ fún etí yín, torí ariwo ojú ọ̀nà pọ̀ nínú rẹ̀, ìrìn jìnnà á sì sú yín. Prelude ni ti ìrìn jìnnà: ó dákẹ́ jù, ìjókòó rẹ̀ gba ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í kánjú. Ẹni tó ga, kó jókòó sínú èyí tó ní fèrèsé òrùlé kó tó sanwó, orí lè kan òkè. Celica fúyẹ́ lọ́wọ́, sítẹ́rìn rẹ̀ yára, àmọ́ ó le lára, dígí ẹ̀yìn rẹ̀ sì kéré débi pé ìpadàsẹ́yìn di iṣẹ́. Ní ti ẹrù, Celica àti Integra tó ní ilẹ̀kùn méjì ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ṣí gbàgà. Prelude ní bùútù lásán.

Ohun èlò ẹ́ńjìnnì kò ní da ẹnikẹ́ni láàmú: 1ZZ-FE wà nínú Corolla, 2ZZ-GE tí GT-S ń lò wà nínú Lotus Elise pàápàá, Integra àti Civic sì jẹ́ ọmọ ìyá. Ohun èlò ara Prelude ló ṣòro. Fìtílà iwájú rẹ̀ gígùn yẹn, àti àwọn ohun èlò inú rẹ̀, kò sí lára ọkọ̀ míì. Prelude tí wọ́n ti gbá níwájú, kódà díẹ̀, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́

Ẹnì kan á ní Mitsubishi Eclipse GS-T ńkọ́? Tọ́bò ni, 1995 sí 1999, agbára ẹṣin 210, ó yára gan-an. Ọ̀pá yíyí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lókìkí pé ó máa ń sún kúrò ní àyè. Ẹ má fi ṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ní. Volkswagen Corrado VR6 rẹwà, ó sì dùn ún wà. Àmọ́ ṣéènì rẹ̀ wà ní apá jíà, jíà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Hyundai Tiburon V6 ni ẹ lè rà láìronú púpọ̀ bí owó bá kéré. Kò yára tó bí ohùn rẹ̀ ṣe ń sọ, bẹ́líìtì rẹ̀ sì ní ìgbà tirẹ̀.

Kí ẹ tó lọ wo èyíkéyìí, ẹ sọ fún olùtajà pé kó má jí i kí ẹ tó dé, kí ẹ sì gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá ti ń kí i. Tó bá gbóná, ó ń fi nǹkan kan pamọ́ nípa ìjí àárọ̀.

Tó bá jẹ́ èmi, Prelude lásán ti 1999 sókè, jíà àfọwọ́yí, ni mo máa rà. Ọ́ìlì ni àrùn rẹ̀, wíwo ọ̀pá ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé mi. Celica GT ti 2003 sí 2005 ni tirẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ọ̀tómátíìkì nìkan ni ẹ lè wà, Celica GT náà ni, Prelude ti jáde nínú ọ̀rọ̀. GS-R tí ọwọ́ ọ̀dọ́ kò tíì kàn, tí rìsíìtì rẹ̀ pé, bí ó bá yọjú lọ́jọ́ tí owó wà lọ́wọ́, ẹ pa gbogbo ìmọ̀ràn yìí tì, kí ẹ tètè lọ rí olùtajà rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó dé.